Omi náà ni o tún fẹ́ lọ rù?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, alẹ́.

Màmá ní kí n tún un sọ, kí ni mo ní mo fẹ́ lọ ṣe lóṣù kẹrin. Mo tún un sọ: mo fẹ́ fẹsẹ̀ rin Pacific Crest Trail, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan ní Amẹ́ríkà, kí n gbé gbogbo ẹrù mi àti omi mi sẹ́yìn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Àjọkẹ́, omi náà ni o tún fẹ́ lọ rù?"

Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já.

Mo ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, mo sùn díẹ̀, mo fọṣọ, mo rọ omi lítà mẹ́fà sínú ike, mo kó o sí báàgì, mo gun òkè ẹ̀yìn ilé lẹ́ẹ̀mẹta. Èjìká òsì ń dùn mí. Ìyẹn ni ti òní.

Lítà kan, kílò kan. Kò sí ọgbọ́n tí èèyàn lè ta sí i. Mo ti gé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń fọnu (ẹ má rẹ́rìn-ín), mo ti yọ ṣòkòtò kejì kúrò, mo ti fi àgọ́ tó wúwo sílẹ̀, mo mú èyí tó jẹ́ pé ọ̀pá ìtilẹ̀ ló máa gbé e dúró. Gbogbo ohun tí mo fi oṣù mẹ́ta dín kù, omi ọjọ́ kan á gbà á padà. Láti Campo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè Mexico níbi tí ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀, títí dé Lake Morena, bíi 20 máìlì ni. Bí àwọn odò kéékèèké àárín bá ti gbẹ, lítà mẹ́rin sí mẹ́fà ni èèyàn máa gbé. Èyí tó wà níwájú ló ń já mi láyà: ibi tí wọ́n ń pè ní Scissors Crossing wà ní máìlì 77 láti Campo, Barrel Spring, ìsun omi kan, wà ní 101, kò sì sí omi tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé láàárín wọn. Àwọn olóore kan máa ń tọ́jú omi sí àárín méjèèjì, ṣùgbọ́n omi tí ẹlòmíì gbé síbẹ̀, ta ló ń kà á mọ́ tiẹ̀? Bí mo bá débẹ̀ tí àgbá ṣófo ńkọ́?

Omi náà ni o tún fẹ́ lọ rù.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Mo fẹ́ pè wọ́n padà kí n sọ fún wọn pé máìlì 2,650 ni, láti ìsàlẹ̀ California gba Oregon àti Washington títí dé ẹnubodè Kánádà, pé èèyàn 50 péré ni wọ́n ń fún níwèé àṣẹ lójúmọ́ láti bẹ̀rẹ̀ ní gúúsù, pé mo rí tèmi gbà... Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Obìnrin tó ń jí láago mẹ́rin ìdájí nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ Ìkàrẹ́ kí omi tó di rúdurùdu, kí n wá máa yangàn fún un pé wọ́n fún mi níwèé àṣẹ láti rumi.

Ṣùgbọ́n èmi náà rù ú o. Òṣùká mi kì í jókòó dáadáa. Màmá á já ewé, wọ́n á fi lé ojú omi inú garawa kó má baà máa ta sí mi lára. Mo wo gbogbo ẹrù tó wà nílẹ̀ yàrá yìí lálẹ́ òní, mi ò rí èyí tó gbọ́n tó ewé yẹn. Bóyá asẹ́ omi. Asẹ́ náà sì rèé, bí omi bá dì nínú rẹ̀ lóru ọjọ́ kan, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, inú àpò ìsùn ni mo máa tẹ́ ẹ sí bí ọmọ.

Nígbà tí mo ń ru ti Ìkàrẹ́ yẹn, eré ni mo máa ń sá, kí ó lè tètè tán. Ìdajì garawa ni mo máa ń gbé délé.

Ẹ wá wo ìṣirò tí mo ṣe lọ́jọ́ Àìkú: 20 máìlì lójúmọ́, láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ 133. Kò sí ọjọ́ ìsinmi kan ṣoṣo níbẹ̀! Mo ti pa á rẹ́. Mẹ́wàá sí méjìlá ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí iṣan ẹsẹ̀ lè mọ̀ pé iṣẹ́ ti dé. Àti pé kí ni mò ń sáré lọ bá? Bí mo bá tètè dé Kennedy Meadows ní máìlì 702, ẹnu ọ̀nà àwọn òkè gíga Sierra, yìnyín ló máa pàdé mi lórí wọn. Bí mo bá sì fẹsẹ̀ falẹ̀ jù, yìnyín míì ń dúró dè mí ní Washington. Nínú aṣálẹ̀, ìdájí ni kí n máa rìn, kí n wá ibòòji sùn lọ́sàn-án, kí n tún dìde nírọ̀lẹ́. Omi tí mo máa mu á dín kù. Aago mẹ́rin ni mo kọ sílẹ̀. Mi ò ronú kí n tó kọ ọ́. Ìgbà tí mo kọ ọ́ tán ni mo...

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Mi ò tíì sọ ti béárì fún wọn. Pé ní apá kan Sierra, inú agolo líle kan tó wúwo ju kílò kan lọ ni mo gbọ́dọ̀ kó oúnjẹ sí, kí béárì má baà jí gààrí mi jẹ. Màmá á ní kí n fún un.

Wọ́n mà tún fi ohùn ránṣẹ́ báyìí lórí WhatsApp. Mo rò pé ìbínú ni. "Àjọkẹ́, odò tẹ́ ẹ máa mu níbẹ̀, ṣé màlúù kì í mu níbẹ̀?"

Mi ò tíì dá wọn lóhùn. Màlúù ń mu níbẹ̀ dáadáa. Àwọn ibòmíì wà tó jẹ́ pé ọpọ́n màlúù gan-an ni omi náà.