Ọdún tuntun nílé wa ní Ọ̀fà

Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọyẹ́ mú gan-an; ètè gbogbo wa ti bó, òrí la ń fi pa á. A ti wa ànàmọ́ tán, adìẹ ń yé. Kànga ti ń fà, ni mo bá fi koríko gbígbẹ bo ìdí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ẹ̀yìnkùlé kí ilẹ̀ má baà tètè gbẹ. Ewé wọn tutù yọ̀yọ̀ láàárín eruku yìí!

Ara ń le, a dúpẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti wálẹ̀. Mò ń lo oògùn déédéé, mo sì ti dín iyọ̀ àti magí kù.

Ohun tó ń dùn mọ́ mi jù ni kíjìpá. Ìyá ọkọ mi ti wá ń bá wa gbé, wọ́n sì ń kọ́ mi láti hun ún lórí òfì obìnrin, èyí tó máa ń dúró lóòró sára ògiri. Wọ́n á ní, “Ìyàwó mi, fà á le dáadáa.” Aṣọ tó nípọn ni, ó sì ń tọ́jọ́. Ìyàwó àbúrò mi ló máa fi èyí tó wà lọ́wọ́ wa yìí pọnmọ.