Afẹ́fẹ́ ló gbé mi lọ sí Margate, rélùwéè ló gbé mi bọ̀

Ẹ jẹ́ n tètè jẹ́wọ́, n kì í ṣe oníkẹ̀kẹ́ gidi o. Kẹ̀kẹ́ tí mo ní yìí, lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń kó lọ sí Canada ni mo ti rà á, òun gan-an ò sì gùn ún ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Nígbà tí mo sọ fún màámi lórí fóònù pé mo fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sétí òkun, wọ́n ní ṣé Màrúwà náà ti dé London ni. Mo ní rárá mà, kẹ̀kẹ́ onítáyà méjì, irú èyí tí bàbá wọn fi ń lọ ra kòkó lóko. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ṣé owó ọkọ̀ ni ò sí ni?"

Owó ọkọ̀ wà o jàre, kódà mo san án, torí ibùdókọ̀ Victoria ní London ni mo ti gbé kẹ̀kẹ́ wọ rélùwéè títí dé Herne Bay, ní etíkun Kent. Ètò tèmi ni pé n ó gùn ún látibẹ̀ dé Margate, bíi 20 kìlómítà, n ó jẹun, n ó tún gùn ún padà wá. Bọ̀dá kan níbi iṣẹ́ wa tí wọ́n máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá síṣẹ́ lójoojúmọ́ ti kìlọ̀ fún mi, wọ́n ní, "Àbúrò, kí o wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá kí o tó gbéra o." Mo ní ẹ ṣé sà. Kí n tó délé mo ti gbàgbé.

Herne Bay ò tóbi, ìlú ìgbafẹ́ àtijọ́ ni. Ohun tí mo dúró wò pẹ́ níbẹ̀ ni afárá ìgbafẹ́ wọn tó wọ inú òkun, píà ni wọ́n ń pè é. Nígbà kan rí ó gùn ju kìlómítà kan lọ, ìgbà tó wá di 1978 ìjì jà, ó gé e láàárín. Wọn ò tún un ṣe. Ìdí rẹ̀ wà lẹ́bàá ilẹ̀, orí rẹ̀ dá wà lọ́hùn-ún láàárín omi, bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀ tó ṣì ń retí pé wọ́n á padà wá gbé òun. Ojú ibẹ̀ yẹn ló yẹ kí n ti fura sí afẹ́fẹ́ ìlú yẹn, àmọ́ fọ́tò ni mò ń yà. Mo tún bá ère Amy Johnson ya fọ́tò, obìnrin tó dá wa ọkọ̀ òfurufú láti England dé Australia ní 1930. Inú omi tó wà níwájú ìlú yẹn náà ló bọ́ sí ní 1941 tó sì kú.

Lẹ́yìn ìyẹn, òkè díẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ mo ń tì í (ẹ má bi mí), mo sì dé Reculver. Ilé gogoro méjì ló dúró létí òkun níbẹ̀, wọ́n jọra wọn, wọn ò sì ní ilé kankan lẹ́yìn mọ́. Ọdún 669 ni wọ́n ti dá ìjọ sílẹ̀ níbẹ̀, nínú àgọ́ tí àwọn ọmọ ogun Róòmù fi sílẹ̀. Òkun ń jẹ ilẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó jẹ nǹkan bí ìdajì àgọ́ yẹn, ìgbà tó di 1809 àwọn ará ìjọ fúnra wọn wó ṣọ́ọ̀ṣì náà, àwọn gogoro méjì yìí nìkan ni wọ́n dá sí kí àwọn atukọ̀ lè máa fi mọ̀nà. Ìbejì ni wọ́n ń pè wọ́n, mo ní ẹ̀yin ará Igbó-Ọrà, ẹ wá wo èèyàn yín! Iwájú ibẹ̀ náà ni wọ́n ti dán bọ́ǹbù kan wò ní 1943, èyí tó máa ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí omi bí òkúta tọ́mọdé jù sójú odò.

Látibẹ̀ lọ, ẹ̀yin èèyàn mi, ayé dùn! Ọ̀nà kọnkéré tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, òkun lọ́wọ́ òsì, àbàtà lọ́wọ́ ọ̀tún, mo ṣáà ń sáré. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má wa pẹ́dàlì, mò ń kọrin, mo ti ń rò ó lọ́kàn pé n ó ra ṣòkòtò oníkẹ̀kẹ́ tó ń lẹ̀ mọ́ra yẹn, pé ó ti wà lẹ́jẹ̀ mi tipẹ́. Bàbá òyìnbó kan ń bọ̀ lódìkejì, ó dorí kodò, ojú rẹ̀ pọ́n, eyín rẹ̀ ló ń pa keke, mo kí i, kò lè dáhùn. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní àgbà ti dé.

Tó o bá ti kọjá Minnis Bay, abẹ́ òkè funfun lo máa ń gbà, funfun báláú bí ẹfun, ẹfun gan-an sì ni, mo fọwọ́ pa á, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ewé òkun tí omi ń kó sójú ọ̀nà, ó ń rùn, ó sì ń yọ̀ bí ilá. Mo tẹ búrékì lórí rẹ̀, mo sì bá ara mi nílẹ̀. Orúnkún bó díẹ̀. Mo wo ọ̀tún wo òsì, kò sẹ́ni tó rí mi, mo dìde.

Ní Margate òkun ti fà sẹ́yìn, mo rí ère ọkùnrin onírin tí Antony Gormley, oníṣẹ́ ọnà kan, ṣe, ó dúró lórí àpáta lẹ́yìn Turner Contemporary, ilé tí wọ́n ti ń ṣàfihàn iṣẹ́ ọnà, tí omi bá kún á bò ó mọ́lẹ̀, tó bá lọ tán á tún yọ. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn tó kọjú sí iyanrìn, mo tú ọ̀rá púfúpúfú mi. Mẹ́fà ni mo dín wá láti ilé. Mo mú ọ̀kan, kí n tó gbé e dẹ́nu, ẹyẹ òkun kan, ó tó adìẹ àgbébọ̀, fò láti ẹ̀yìn, ó já a gbà lọ́wọ́ mi, ó gbé e mì láìjẹ! Mo pariwo "Jésù!" Àwọn òyìnbó ń rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́, ó tún mú ọ̀rẹ́ méjì wá. Mo kó ẹrù mi, mo lọ ra ẹja díndín, inú ilé ni mo ti jẹ ẹ́.

Nígbà tó di aago mẹ́rin mo ní ó yá, ká máa lọlé. Mo gun kẹ̀kẹ́, mo wà á, kò lọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ mo wo táyà, táyà le. Mo wo ṣéènì, ṣéènì wà níbẹ̀. Mo tún gùn ún, ìgbà yẹn ni afẹ́fẹ́ gbá mi lójú, ló bá yé mi. Gbogbo eré tí mo sá láàárọ̀, èmi kọ́ ni mo sá a. Apá ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń fẹ́ wá níbẹ̀, ìlà-oòrùn ni mò ń lọ, òun ló ń tì mí látẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, wọ́n ti rí fùrọ̀ adìẹ, èmi sì ni adìẹ ọ̀hún. Mo rọ jíà wálẹ̀ títí kò fi sí èyí tó kù, omi ń dà lójú mi, iyanrìn wà lẹ́nu mi, ọmọbìnrin kan tó ń fa ajá rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó kọjá mi. Ajá yẹn wẹ̀yìn wò mí.

Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé Birchington ni mo ti yà sí ibùdókọ̀ rélùwéè. Kìlómítà bíi méje péré ni mo tíì wà. Mo jókòó, mo ń wo àwọn ìbejì Reculver lójú fèrèsé lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n kọjá fìrì. Fóònù dún.

"Ṣé o ti ń bọ̀ nílé?"

Mo ní mo ti wà nínú rélùwéè mà.

Wọ́n ní, "Ẹn ẹ́n. Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ wà."