Èébú orí fóònù: ilé ìwé Finland àti ti ilé

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní wàhálà ọmọ títọ́ ti kúrò lọ́rùn mi, pé ilé ìwé Finland, níbi tí èmi àti ọmọkùnrin mi ń gbé, ti bá mi gbà á ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí.

Nílé ní Nàìjíríà, bí ọmọ kan bá bú ẹlòmíràn lórí fóònù, gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń lọ: tíṣà á gba fóònù, wọ́n á na ọmọ náà níwájú gbogbo ilé ìwé, ó parí. Lálẹ́, ọmọ náà á fi orúkọ mìíràn padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 wà, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá àti adájọ́ ló ń lò ó, kì í ṣe tíṣà.

Níbí ní Finland, ètò kan wà tó ń jẹ́ KiVa, tí ilé ìwé fi ń dènà kí ọmọ máa bú ọmọ. Yunifásítì Turku ló ṣe é, Christina Salmivalli ló ṣáájú iṣẹ́ náà, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í náwó sí i ní 2006. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ọmọ tó ń búni nìkan ló dojú kọ. Iyì lójú ẹgbẹ́ ni ọmọ yẹn ń wá. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, àwọn tó ń fi èébú náà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, àti àwọn tó dákẹ́, àwọn ló ń fún un. Nítorí náà gbogbo kíláàsì ló ń kọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kí oníkálukú lè mọ ohun tó máa ṣe bí èébú bá dé orí fóònù rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá bẹ́, àgbà bíi mẹ́ta nílé ìwé ló ń bójú tó o. Wọ́n á bá ẹni tí wọ́n bú sọ̀rọ̀, wọ́n á pe àwọn tó bú u lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bẹ àwọn tí ẹgbẹ́ ń gbọ́ tiwọn pé kí wọ́n dúró ti ẹni tí wọ́n bú. Tó bá yá, wọ́n á tún pè wọ́n, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti tán lóòótọ́.

Gbogbo èyí ni ẹ̀gbọ́n mi gbọ́. Wọn ò gbọ́ ti òru. Nígbà tí wọ́n ń bú ọmọkùnrin mi nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kíláàsì wọn, wọ́n ti ti ilé ìwé pa. Èmi àti òun nìkan ló kù. Èdè tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń bú ara wọn níbí kò sí nínú èyí tí wọ́n kọ́ mi, òun fúnra rẹ̀ ló ní láti máa túmọ̀ èébú tí wọ́n bú u fún mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan. N ò tíì rí ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti bímọ. Ilé ìwé kọ̀wé pé àwọn ti bójú tó o. Ohun tí wọ́n bá àwọn ọmọ yòókù sọ, àṣírí ni. N ò mọ ìyá wọn, n ò lè lọ kan ilẹ̀kùn wọn, kò sì sí mọ̀lẹ́bí nítòsí tó máa bá mi pe ọmọ jókòó. Àwọn olùwádìí KiVa fúnra wọn rí i pé ètò náà kì í ṣiṣẹ́ lára àwọn ọ̀dọ́ tó bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lára àwọn ọmọ kékeré. Èmi gbà bẹ́ẹ̀, torí ó pẹ́ kó tó rọlẹ̀.

Síbẹ̀ ó rọlẹ̀. Ọmọ kíláàsì wọn kan kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ náà pé ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn méjì bẹ̀rẹ̀ sí í bá tèmi rìn. N ò mọ̀ bóyá tíṣà ló rán wọn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n ń bi mí pé kí ló dé tí n ò kó ìdílé mi padà síbi tí èèyàn pọ̀. Èèyàn pọ̀ nílé, àárò wọn sì ń sọ mí lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ilé ìwé wo ni mo máa mú un lọ, tí àgbà mẹ́ta á jókòó tì í láìmú ẹgba dání?