Ìyàwó Méjì, Báírọ́ọ̀sì Kan

Bianca ni mo máa ń fẹ́. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, kẹ́ ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbá Dragon Quest V, géèmù tẹ́ ẹ ti máa yan ẹni tẹ́ ẹ máa fẹ́, dé òpin lórí ẹ̀rọ géèmù Nintendo DS kan tí ìdérí rẹ̀ ń mì bí eyín arúgbó, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni mo sì ti búra pé Flora ni màá fẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọ olówó ni Flora, ara rẹ̀ balẹ̀, bàbá rẹ̀ ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ lọ lọ́wọ́ òfo. (Debora ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ká fi Debora sílẹ̀ ná.) Tó bá wá di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó, tí mo bá Bianca níbi tí kò ti rí oorun sùn, tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé kí n fẹ́ Flora, ó ti parí nìyẹn. Bó bá di àárọ̀, orúkọ rẹ̀ ni ọwọ́ mi máa tẹ̀.

Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin wá sọ pé wọ́n ti fi géèmù náà ṣe fíìmù, ohun kan ṣoṣo ni mo bi í: "Ta ló fẹ́?"

"Àǹtí mi, ẹ ṣáà lọ wò ó." Kò fẹ́ tú u fún mi. Èmi máa tú u fún yín o, torí náà kí ẹni tí kò bá tíì wò ó dúró níbí.

Dragon Quest: Your Story lorúkọ rẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ló jáde ní Japan, Netflix sì gbé e dé ọ̀dọ̀ àwa tó kù ní oṣù kejì ọdún 2020. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ya gbogbo rẹ̀. Takashi Yamazaki ló kọ ọ́, òun náà ló sì ṣe ọ̀gá àwọn tó darí rẹ̀, ọkùnrin kan náà tó wà lára àwọn tó gba Oscar lẹ́yìn náà fún iṣẹ́ ọnà àwòrán inú Godzilla Minus One. Ẹ ò rí i pé wíwò rẹ̀ ò lè máà dùn. Àwọn kan bínú pé ojú àwọn èèyàn inú rẹ̀ ò jọ èyí tí Akira Toriyama yà fún géèmù, ṣùgbọ́n ìyẹn ò dùn mí.

Ìkánjú wọn ló dùn mí. Ìtàn ayé ọkùnrin kan ni géèmù ọdún 1992 yẹn, látọjọ́ tí wọ́n bí i títí tó fi di bàbá. Ẹ máa wà lọ́mọdé fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Pankraz bàbá yín á máa lọ níwájú, ẹ̀yin á máa sáré tẹ̀ lé e, tí ìjà bá parí, á yíjú padà, á wo ọgbẹ́ yín sàn láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n pa á lójú yín, ìwòsàn yẹn lẹ máa kọ́kọ́ ṣàárò. Nínú fíìmù, àwòrán géèmù náà lórí Super Famicom, ẹ̀rọ géèmù àtijọ́, ni wọ́n fi sáré kó ìgbà èwe kọjá, bí ẹni tó ń ṣí ìwé wá ojú ewé tó ti ṣẹ́. Pankraz kú kí n tó jókòó dáadáa. Ìbejì tí wọ́n ń bí nínú géèmù, ọkùnrin nìkan ló kù. Ọmọbìnrin náà ńkọ́? Wọn ò bí i rárá.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó wá dé. Luca, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pe akọni náà nínú fíìmù, lọ bá Flora, ó ní òun máa fẹ́ ẹ. Díẹ̀ ló kù kí n ju ìrọ̀rí lu tẹlifíṣọ̀n. Ìyá arúgbó kan wá fún un ní oògùn kan pé kó mu, kó fi rí ohun tó wà nísàlẹ̀ ọkàn rẹ̀. Ó mu ún, ó sì rí i pé nǹkan kan ló ń ti òun sọ́dọ̀ Flora, pé Bianca ni ọkàn òun ti wà látọjọ́ yìí. Ta ni ìyá arúgbó náà? Flora fúnra rẹ̀ ni, ó para dà. Òun ló rí i pé ọkàn ọkùnrin yìí ò sí lọ́dọ̀ òun, ló bá dá a padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Nígbà tí ìjà ìkẹyìn fẹ́ bẹ̀rẹ̀, gbogbo nǹkan dúró gbagidi. Ẹ̀dá kan yọ, ó ní báírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà lòun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ayé náà bí ẹni ń bọ́ aṣọ: àwọ̀ lọ, òòfà ilẹ̀ lọ, ìyàwó àti ọmọ di ère funfun, wọ́n sì lọ. Géèmù ni gbogbo rẹ̀, àgbàlagbà kan tó ń ṣe bíi Luca ló ń gbá a nínú ẹ̀rọ. Iṣẹ́ tí ẹni tó dá báírọ́ọ̀sì náà fi rán an ò gùn: kí ọkùnrin náà lọ dàgbà. Slime kékeré, ẹ̀dá rọ̀bọ̀tọ̀ inú géèmù náà, tó ti ń tẹ̀ lé e látẹ̀yìnwá wá di ohun tó ń pa báírọ́ọ̀sì, ó fún un ní idà, wọ́n ṣẹ́gun.

Àbúrò mi ní òun ò ní wò ó mọ́ láé. Èmi tún un wò, torí nǹkan kan ti kọ́ mi lẹ́sẹ̀. Kí ọkùnrin yẹn tó wọ inú ẹ̀rọ, ó ti ní kí wọ́n ṣe ètò tó máa jẹ́ kóun fẹ́ Flora lọ́tẹ̀ yìí, torí gbogbo ìgbà ló ń fẹ́ Bianca. Èmi gan-an nìyẹn! Kò sẹ́ni tó tíì mú mi lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ báyẹn rí, tó sì tún pa mí lẹ́rìn-ín. Tí fíìmù náà bá dúró síbẹ̀, màá máa yìn ín dòní. Kí wá ni báírọ́ọ̀sì tún ń wá? Oògùn yẹn ti sọ ohun tí géèmù yìí jẹ́ fún wa, láìpariwo. Àwọn tó sì fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sin Pankraz ló tún ń dẹ́rù bà mí pé wọ́n fẹ́ gba ayé yìí lọ́wọ́ mi. Ìgbà wo ni wọ́n fún mi?

Mo ti mú DS náà jáde padà. Flora ni lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti dé alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó láti bí ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn, mo fi í pa mọ́ síbẹ̀, mo pa ìdérí dé. Tí àbúrò mi bá pè, kì í kí mi mọ́ kó tó bèèrè: "Àǹtí mi, ẹ ti fẹ́ ẹ?" Mo máa ń sọ fún un pé ilẹ̀ ò tíì mọ́.