Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́

Ọjọ́ Sátidé, alẹ́.

Ẹsẹ̀ ń ro mí, iyanrìn erékùṣù Gbèrèfù ṣì wà nínú bàtà mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ sùn kí n tó kọ èyí sílẹ̀.

Ìdílé kan wá láti Ìbàdàn lónìí kí n lè mú wọn rìn yíká àwọn ibi ìtàn Àgbádárìgì, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn: bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta, àti ìyá bàbá tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá. Aago mẹ́sàn-án la jọ fi àdéhùn sí. Ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì kò jẹ́ kí wọ́n dé títí aago méjìlá fi kù díẹ̀. Ọmọ tó kéré jù ti ń tòògbé. Màmá nìkan ni ara rẹ̀ yá. Ó kí mi, ó béèrè àwọn ará ilé mi, ó ní ṣé Ègùn ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà, ṣùgbọ́n Ògù ni àwa ń pe ara wa. Ó tún un pè lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó lè yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Inú mi dùn sí i gan-an ni.

Ìdí igi Agia la ti bẹ̀rẹ̀. Igi náà ti wó láti 1959, ohun ìrántí ló wà níbẹ̀ báyìí, níbi tí àwọn míṣọ́nnárì Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend ti wàásù ní 1842. Bàbá ya fọ́tò, a kọjá.

A pẹ́ díẹ̀ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì parí ní 1845. Màmá di apá mi mú gun àtẹ̀gùn. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé Àjàyí Crowther gbé inú ilé yìí. Pé ọmọ Òṣogùn ni. Pé nígbà tí ogun kó ìlú wọn ní 1821, wọ́n mú un lẹ́rú, wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Pé ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gba ọkọ̀ náà ní 1822, tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown. Mo ní láti Àgbádárìgì níbí ló ti lọ sí Abẹ́òkúta ní 1846, ibẹ̀ ni òun àti ìyá rẹ̀ sì ti tún fojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún 25.

“Ṣé ìyá rẹ̀ dá a mọ̀?” Ọmọbìnrin àárín, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló béèrè.

Mo ní nígbà tí ìyá rí i, ńṣe ni ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀. Ọmọ náà mi orí, bí ẹni tó ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí.

Láti ibẹ̀ ni a lọ sí ilé ẹrú Sẹ̀rìkí Abass, olówò ẹrú ayé àtijọ́, níbi tí wọ́n ń ti àwọn ẹrú mọ́ kí ọkọ̀ tó kó wọn lọ. Tìtorí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni mo ṣe jókòó sídìí ìwé yìí.

Yàrá 40 ni ilé náà ní nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ní 1840. Ìtàn tí à ń sọ níbẹ̀ ni pé ogójì ènìyàn ni wọ́n ń kó sínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Àwa méje wọ inú ọ̀kan, ooru sì mú wa lójú ẹsẹ̀. Bí a bá ti jáde síta, tí ojú àwọn àlejò ti rẹ̀wẹ̀sì, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń fi tù wọ́n lára: mo máa ń sọ pé Sẹ̀rìkí Abass fẹ́ ìyàwó 128, ó sì bí ọmọ 144. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń bú sí. Àwọn ọkùnrin á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé báwo ló ṣe ń rántí orúkọ wọn. A ó rẹ́rìn-ín jáde ní ẹnu géètì.

Lónìí, kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ yẹn, ọmọbìnrin yẹn fọwọ́ kan fírémù ilẹ̀kùn. “Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń ti ilẹ̀kùn yìí?”

Ẹnu mi ti fẹ́ sọ pé òyìnbó ni. Ó rọrùn láti sọ, apá kan rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́, nítorí ọkọ̀ wọn ló ń dúró lójú òkun. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn ló béèrè. Mo dá a lóhùn pé àwọn ènìyàn wa ni. Àwọn ará ibí. Ìyá rẹ̀ wo ojú mi. Mo tẹ̀ síwájú, mo ní ẹni tó ni ilé yìí gan-an, wọ́n mú òun náà lẹ́rú nígbà tó wà ní kékeré, láti Ìjọ̀gá-Orílé.

Màmá yípadà. “Ìjọ̀gá wo? Ìjọ̀gá ti ọ̀dọ̀ wa?”

Ìlaròó ni wọ́n ti bí Màmá. N kò mọ̀. Ó ní, “Kí ni orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Abass?”

Mo pe orúkọ náà bí mo ṣe máa ń pè é, kíákíá, bí ẹni ń ka nọ́ńbà: Ifárẹ̀mílẹ́kún Fágbèmí.

Màmá wá ibi tó fi ìdí lé. Ó pe àwọn ọmọ sún mọ́ra. “Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn? Ifá rẹ̀ mí lẹ́kún. Ìyá tó sọ ọmọ ní orúkọ yìí ti sunkún kí ó tó bí i. Ó lè jẹ́ àbíkú ló ń dààmú rẹ̀, ó lè jẹ́ pé ó ti wá ọmọ títí. Ifá rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún tán, ni wọ́n bá wá gbé ọmọ náà lọ.”

Èdè Ògù la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nílé wa, ṣùgbọ́n mo gbọ́ Yorùbá láti kékeré, mo sì ti pe orúkọ yẹn ju bí mo ṣe lè kà lọ. N kò fetí sí i rí. Ẹkún ìyá wà nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo ń mú àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

“Kí ló wá dé tó fi ń ta ọmọ ẹlòmíràn?” Ọmọ náà kò tíì ṣe tán.

Mo sọ ìwọ̀nba ohun tí mo mọ̀: pé wọ́n mú un dé Brazil, pé ó kọ́ èdè àwọn òyìnbó, pé ó padà wá sí Àgbádárìgì, ó sì bá wọn da òwò pọ̀, ó di olówó, ó di olóyè, ó kú ní 1919. Sàréè rẹ̀ wà nínú ọgbà yẹn. Àwọn àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ló ń tọ́jú ibẹ̀, wọn kì í sì bo ìtàn náà mọ́lẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n n kò dáhùn ìbéèrè ọmọ náà, kò sì sí àgbàlagbà kankan níbẹ̀ tó dáhùn rẹ̀.

Bàbá ló wá béèrè ìyàwó 128. Ó ti kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ 144. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Bí a ṣe ń lọ sí etí ọ̀sà ni mo ń rò ó. Àjàyí àti Ifárẹ̀mílẹ́kún, ọmọ méjì tí wọ́n fipá gbà lọ́wọ́ ìyá wọn. Ìlú kan náà ni àwọn méjèèjì padà gbé. Mo ti ń rìn láàárín ilé àwọn méjèèjì láti ọdún pípẹ́, n kò sì fi ìtàn wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn rí.

A wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Gbèrèfù. Mo ní kí Màmá dúró dè wá, ó kọ̀. Ọ̀kadà ló gbé e gba orí iyanrìn, àwa yòókù fẹsẹ̀ rìn. A bá a ní ìdí kànga. Mo sọ ohun tí àwọn bàbá wa sọ fún wa, pé wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú ní omi kànga yìí mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé, kí wọ́n tó mú wọn lọ sí etí òkun tí wọn kò ti ní padà.

Ọmọbìnrin yẹn tẹjú mọ́ inú kànga fún ìgbà pípẹ́. Ó wá sọ wẹ́lẹ́ sí ìyá bàbá rẹ̀, mo sì gbọ́: “Bóyá òun náà mu ún.”

Màmá fa ọmọ náà mọ́ra. Èmi náà kò sọ̀rọ̀. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́, a rìn dé ibi òpó méjì tó dúró létí òkun, a wo omi, a padà.

Mo ní ìwé pélébé kan tí mo ń mú dání, ọdún àti iye ló kún inú rẹ̀. Mo ti kọ Ifárẹ̀mílẹ́kún sí òkè rẹ̀, mo fi àmì sórí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ kí n má baà sáré pè é mọ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ń bọ̀ ní ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá.