Ọdún tí mo wọ ẹgbẹ́ olóòtú jọ́nà òfin

Nínú gbogbo ohun tí mo dáwọ́ lé lọ́dún yìí, jọ́nà òfin, ìyẹn ìwé àpilẹ̀kọ lórí òfin, tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe nílé-ẹ̀kọ́ wa ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, ọdún àkọ́kọ́ nínú márùn-ún. Àwọn kan ní kí n gbájú mọ́ ìdánwò ná, pé iṣẹ́ jọ́nà wà fún àwọn tó ti pẹ́. Inú mi dùn pé mi ò gbà fún wọn.

A kì í fún ẹni tuntun ní àpilẹ̀kọ kọ, kò sì sí lára àwọn tó ń yan èyí tí yóò jáde. Àwọn olóòtú àgbà á ti yọ orúkọ òǹkọ̀wé kúrò, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ bóyá ọ̀jọ̀gbọ́n ni tàbí akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó àwọn ìtọ́kasí ìsàlẹ̀ ojú-ìwé lé wa lọ́wọ́. Tiwa ni láti wá ìdájọ́ kọ̀ọ̀kan jáde, ká kà á, ká rí i pé ohun tí wọ́n ní adájọ́ sọ ló sọ lóòótọ́, lójú-ìwé tí wọ́n dárúkọ. (Lọ́yà Gani Fawehinmi, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ Nigerian Weekly Law Reports, ìwé tó ń kó ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ jọ, ní 1985, ṣe wá lóore tí mi ò mọ bó ti tóbi tó tẹ́lẹ̀.)

Àpilẹ̀kọ kan tí wọ́n gbé fún mi dá lórí ogún pínpín láàárín Yorùbá. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Suberu Dawodu kú sí Èkó láì ṣe ìwé ìhágún, ó sì bí ọmọ mẹ́sàn-án fún ìyàwó mẹ́rin. Ṣé ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín in, kí ojúlé ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìdá kan nínú mẹ́rin, àbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìdá kan nínú mẹ́sàn-án? Adájọ́ Jibowu fara mọ́ orí-ò-jorí. Òǹkọ̀wé wa fi ìyẹn ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, ó sì parí ẹjọ́ náà síbẹ̀.

Àmọ́ wọ́n pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Federal Supreme Court, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà nígbà náà, wọ́gi lé ìdájọ́ yẹn ní 1958, Privy Council ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, níbi tí ẹjọ́ wa ń parí sí láyé ìgbà yẹn, sì fọwọ́ sí ìdí-igi ní 1962. Orí-ò-jorí kò kú o: olórí ẹbí lè yàn án kí ìjà má baà dé kóòtù. Mo gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n tó ń darí wa. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ibi tí ẹjọ́ yìí parí sí.” Wọ́n kà á délẹ̀, wọ́n ní, “Kọ ọ́ sílẹ̀ bó o ṣe sọ ọ́ yẹn, ká fi ránṣẹ́ sí òǹkọ̀wé.” Òǹkọ̀wé náà tún un kọ, agbára olórí ẹbí yìí sì wá di àárín gbùngbùn iṣẹ́ rẹ̀. Ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ púpọ̀.

Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ká ní a tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe wà, lọ́yà kan lè gbára lé e láti gba ọmọ olóògbé nímọ̀ràn. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ ní kó gba ìdá kan nínú mẹ́sàn-án, ẹ ti jẹ ẹ́ níyà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé iṣẹ́ yìí kéré, ẹni yòówù kó pè é bẹ́ẹ̀.

Ìdánwò lọ dáadáa, mo dúpẹ́.

Lọ́dún tó ń bọ̀, mo fẹ́ kọ tèmi, lórí ẹjọ́ Lewis àti Bankole ti 1908, níbi tí ilé-ẹjọ́ ti gbà pé ọmọbìnrin tó jẹ́ àgbà lè di olórí ẹbí. Àwọn olóòtú ní kí n mú àbá rẹ̀ wá ní Oṣù Kejì. Láíbìrì kì í yá ìwé ìdájọ́ àtijọ́ jáde, nítorí náà ibẹ̀ ni mo máa ti kà á ní kété tí a bá wọlé.