Ìgbín òkun tó ń bọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fídíò àwọn ìgbín òkun tí kò ní ìkarahun han àwọn ọmọ mi tán ni o. Àwọ̀ aró, àwọ̀ ọsàn, elésè àlùkò, gbogbo rẹ̀ ló ń tàn yòò. Mo ní ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi àwọ̀ yẹn kìlọ̀ fún ẹja pé ẹran ara wọn kì í ṣe jíjẹ.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ìgbín yìí, tó ń jẹ́ Elysia marginata, ló mú wọn lọ́kàn jù. Ó lè já orí ara rẹ̀ kúrò! Orí nìkan á máa rìn lọ, á máa jẹ ewé òkun, ara tuntun á sì hù, tòun ti ọkàn inú rẹ̀, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3. Àwọn onímọ̀ ní Japan ló kéde rẹ̀ ní 2021.

Àbúrò di ọrùn mú, ó ní, "Mọ́mì, ṣé kì í dùn ún ni?" Ẹ̀gbọ́n ní tiẹ̀ ń béèrè ibi tí oúnjẹ ń gbà nígbà tí kò síkùn mọ́. Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi gan-an!

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ló ti rí ọ̀kan lójúkojú nínú wọn rí? Kí làwọn ọmọ yín sọ?